Ibi Gíga Márùn-ún Tí Fátúyì Ti Fò

Fátúyì fò láti ibi gíga márùn-ún. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Gbólóhùn méjì yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò há àwa ọdẹ Òkè-Alápó mọ́ abẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ní kí èmi Ọdẹ́rìndé sọ ìrìn-àjò tí ó le jù nínú àwọn tí mo ti rìn. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rín kí ó gba inú òjò lọ sílé rẹ̀.

Adégún já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ rí.

"A mọ̀ ọ́, Ọdẹ́rìndé. Ìwọ ni ìnàkí lé tí o fi bàtà sílẹ̀ lóko."

"Ìnàkí náà dà?" mo bi í.

"O pa á ní ọjọ́ kejì."

"Bàtà náà dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ."

"Ó tán. Pa ẹnu dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọdẹ. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta. Mo ti sùn nínú ihò àmọ̀tẹ́kùn nígbà tí onílé kò sí nílé, nígbà tí ó sì dé, òun ni ó wá ibòmíràn sùn. N kò sọ èyí láti fọ́nnu. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù ni ó bà mí jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ọ̀wọ̀ ni.

Fátúyì ni ẹ̀gbọ́n Dúródọlá, ìyàwó mi. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá wọn bí. Mẹ́fà kú kí wọ́n tó mọ ọ̀nà oko. Bàbá kú, ìyá kú. Ó ku àwọn méjì. Gbogbo ilé àna mi wá di ẹnì kan ṣoṣo. Òun ni mo dọ̀bálẹ̀ fún nígbà tí mo ń tọrọ ìyàwó. Oko rẹ̀ ni mo ro. Òrùlé rẹ̀ ni mo bò. Bí ó bá gbé igbá omi, mo gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ ní àna, ẹ mọ bí ó ti rí.

Iṣẹ́ ẹmu dídá ni ó ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, igbà já mọ́ ọn nídìí ní orí ọ̀pẹ tí ó ga jù lóko wa. Aṣọ ìbora tí ó so mọ́ ọrùn nítorí òtútù gba afẹ́fẹ́, ó gbé e díẹ̀, ó sì balẹ̀ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀. Mo rò pé n óò bá òkú. Ó jókòó, ó ń wo òkè.

"Ọdẹ́rìndé," ó ní, "ṣé o kà á?"

"Kí ni kí n kà, àna mi?"

"Bí ó ti pẹ́ tó kí n tó balẹ̀."

"N kò kà á. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ẹsẹ̀ yín wò."

"Ẹsẹ̀ mi dára. Ó pẹ́, Ọdẹ́rìndé. N kò ronú ikú rárá níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, kò dá ẹmu mọ́. Ó ń gun igi, ó ń so aṣọ mọ́ra, ó ń fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ìlú pè é ní wèrè. Àlejò kan tí ó ń kọjá ni kò pè é bẹ́ẹ̀. Àlejò náà sọ fún un pé ọba kan wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin, Onígíga ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fò láti orí igi, láti orí ilé, láti orí afárá, láti orí àpáta, tí ó sì fò níkẹyìn láti ojú ọ̀run, tí ó pẹ́ lófuurufú ju gbogbo ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ kí ó tó ṣí aṣọ, ọba náà yóò gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta.

Fátúyì wá sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ ní ilé mi.

"Orúkọ tí bàbá wa sọ mí yóò wà lára òkúta," ó ní. "Ikú kò lè pa òkúta."

"Òkúta kì í jẹun, ẹ̀gbọ́n mi," ni Dúródọlá wí. "Kì í bímọ. Bí ara mi kò bá yá, kò ní wá wò mí."

"Màá padà wá."

"Àwọn mẹ́fà náà kò sọ pé àwọn ń lọ."

Fátúyì ti dìde. Ó ti pinnu. Dúródọlá wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ọkọ mi, ẹ bá a lọ. Òun nìkan ni ó kù fún mi. Ẹ mú un bọ̀ wá fún mi."

"Màá mú un bọ̀," mo ní.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ fi ìlérí yẹn sọ́kàn. Ohun tí mo lọ ṣe nìyẹn. N kò lọ ṣe ohun mìíràn.

N kò ní sọ bí a ṣe rin igbó náà. Igbó ni. A wọ̀ ọ́, a jáde nínú rẹ̀. Ní ibi tí igbó ènìyàn ti parí tí ti iwin ti bẹ̀rẹ̀, a bá ìyá arúgbó kan tí ó ní ọwọ́ mẹ́fà. Ó ń fi òwú aláǹtakùn rán aṣọ. Kò béèrè ibi tí a ń lọ. Ó wo Fátúyì láti orí dé ẹsẹ̀ bí aránṣọ ti ń wo oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Aṣọ náà fẹ̀ bí òrùlé, ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Okùn tí ó so mọ́ etí rẹ̀ jẹ́ ogójì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa.

"Gbogbo ẹni tí mo ń rán aṣọ fún ni kì í padà wá bá mi jà," ó ní.

Ó kọ́ Fátúyì bí a ṣe ń ká a. Kò tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀. Kò fi nǹkan dì í. Ó kó àwọn okùn náà jọ lórí ara wọn bí ẹni tí ń kó ìfun ẹran sínú àwo, kò ta kókó kankan. Okùn kan ṣoṣo ni ó fi sí ìta. Bí ẹni tí ó wà lófuurufú bá fà á, gbogbo rẹ̀ yóò tú.

Mo ní, "Màmá, mo lè máa bá a ká a."

"Ṣé ìwọ náà yóò fò?"

"Rárá, mà."

"Fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní jábọ́ máa ń ká aṣọ kí ó lè dára lójú. Ẹni tí yóò jábọ́ ni ó ń ká a kí ó lè là."

Mo gbọ́ ọ. Etí mi kò di.

Ibi gíga kìíní jẹ́ igi kan tí ẹyẹ kò sùn lórí rẹ̀ rí, nítorí pé ó rẹ ẹyẹ kí ó tó dé ibẹ̀. Iwin tí ń ṣọ́ ọ gbé orí ara rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ.

"N óò bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan," ni orí náà wí. "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá bá mi ṣọ́ igi. Ta ni ó ń dúró dè ọ́ ní ilẹ̀ kí o tó fò, tí yóò pàdé rẹ bí o bá yè, tí yóò sì pàdé rẹ bí o bá kú?"

Mo rò ó. Mo rò pé Ikú ni, ṣùgbọ́n Ikú kì í dúró de ẹni tí ó yè. Fátúyì kò rò ó pẹ́.

"Òjìji mi," ó ní.

"Ta ni ó sọ fún ọ?"

"Mo rí i ní ọjọ́ tí mo jábọ́ láti orí ọ̀pẹ. Ó ń sáré bọ̀ wá bá mi."

Iwin náà sún ìdí kúrò lójú ọ̀nà. Fátúyì fi igbà gun igi náà fún ọjọ́ méjì. Ó fò. Aṣọ là. Ó balẹ̀ bí àkùkọ tí ó sọ̀ láti orí ọgbà. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn, mo gbàgbé pé àna mi ni. Mo yọ̀ ní ọjọ́ náà. N kò ní sẹ́ ẹ.

Ibi gíga kejì jẹ́ ilé alájà ọgọ́rùn-ún kan ní ìlú tí a ń pè ní Awòkè. Ọrùn gbogbo ará ìlú náà ti tẹ̀ sẹ́yìn nítorí wíwo àwọn tí ń fò. Oko wọn ti di igbó, wọn kò mọ̀, nítorí wọn kì í wo ilẹ̀. Baálẹ̀ wọn kí wa káàbọ̀, ó ń wo òrùlé.

Fátúyì fò. Ó jẹ́ kí ara rẹ̀ já dé ìdajì ilé kí ó tó fa okùn. Àwọn ènìyàn náà hó yè. Nígbà tí aṣọ là, ariwo náà dákẹ́. Nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n ń tú ká. Ìyá kan pòṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èyí náà yè," ó ní.

"Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe?" Inú ti ń bí mi.

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹni tí ó bá balẹ̀, ilé rẹ̀ ni ó ń lọ. Kí ni ó kù tí a fẹ́ wò?"

Ibí yìí ni Adégún tún ti la ẹnu lábẹ́ àtíbàbà. "Irọ́ ni. Kò sí ìlú tí ó burú tó bẹ́ẹ̀."

"Adégún, nígbà tí ilé Ṣọbalójú ń jó, ibo ni o wà?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni o ṣe?"

"Omi jìnnà," ó ní. Àwọn tí ó mọ̀ pé kànga kan wà lẹ́yìn ilé náà rẹ́rìn-ín títí.

Fátúyì kò yọ̀ ní Awòkè. Ó jókòó ti aṣọ rẹ̀, ó ń ká a bí a ti kọ́ ọ.

"Kò pẹ́ tó ti orí ọ̀pẹ," ó ní.

"Àna mi, ilé náà ga ju ọ̀pẹ lọ nígbà ogún."

"Mo mọ̀. Mo sì rántí ikú kí n tó balẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ sí i kí n tó fa okùn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a padà sílé. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n padà. Bí mo bá padà láìsí i, kí ni n óò sọ fún Dúródọlá? Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Ibi gíga kẹta jẹ́ afárá okùn lórí ọ̀gbun tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó ti fò rí tí aṣọ wọn kò là ni ń ṣọ́ ọ. Wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ń tún aṣọ wọn ká, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un ká. Ọ̀kan nínú wọn gbé ojú sókè. Ọkùnrin bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

"Ará," ó wí fún Fátúyì, "bí mo bá ní kí o padà, ṣé o óò padà?"

"N kò ní padà."

"Èmi náà kò padà. Máa lọ. Afẹ́fẹ́ ọwọ́ òsì ni kí o ṣọ́."

Fátúyì fò, aṣọ là, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà, mo sì sọ okùn sílẹ̀ fún un, mo fà á gòkè. Nígbà tí a ń kúrò lórí afárá, ọkùnrin náà pè mí.

"Ìwọ tí o kì í fò, kí ni o wá ṣe?"

"Mo wá mú un padà sílé."

Ó wò mí pẹ́. "Èmi náà ní ẹni tí ó bá mi wá," ó ní. Ó tẹ orí ba, ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Àpáta ni ibi gíga kẹrin. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí àlọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó wà. Fátúyì dúró pẹ́ kí ó tó fa okùn, ó pẹ́ jù. Aṣọ là, ṣùgbọ́n ó gbá a mọ́ ara àpáta kí ó tó gbé e sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó dúró, ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà. Egungun ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́. Mo fi igi àti okùn dì í. Kò ké. Mo bi í bóyá ó ṣì rántí ikú lófuurufú.

"Kò sí ohun mìíràn tí mo rántí," ó ní.

"Kí ni a tún ń wá, nígbà náà?"

"Ó ku ẹyọ kan."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ Onígíga. Ọba náà kò fò rí. Ilẹ̀ lásán ni ó jókòó sí nínú ààfin rẹ̀, nítorí pé ó ń bẹ̀rù àga. Ó rán ọkùnrin agbẹ́kùúta rẹ̀ kí ó mú wa lọ wo òkúta náà. Òkúta dúdú ni, ó ga tó ènìyàn méjì. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀: Ògúnlùsì. Gbogbo ara rẹ̀ yòókù ti jin wọnú.

"Kí ni ó jẹ òkúta yìí báyìí?" mo béèrè.

"Irin mi ni," ni agbẹ́kùúta wí. "Bí ẹlòmíràn bá ti ta yọ, èmi a fá ti àtẹ̀yìnwá kúrò. Ọba kò fẹ́ ọ̀pọ̀ orúkọ. Ó ní ó ń dàrú mọ́ òun lójú."

Mo yíjú sí Fátúyì.

"Àna mi, ẹ wo òkúta yìí."

"Mo ti wò ó."

"Orúkọ kan ni wọ́n ń fi sí i. Wọn yóò sì fá a."

"Orúkọ kan náà ni mo ní."

"Ẹ ní àbúrò kan."

Mo rò pé mo ti mú un. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, mo rí i. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdẹ́rìndé, bí mo bá padà sílé báyìí, orí ọ̀pẹ ni n óò padà sí. Lórí ọ̀pẹ, ikú wà níbẹ̀ láràárọ̀. Jẹ́ kí n fo èyí tí ó kù. Bí kò bá pẹ́, n óò mọ̀ pé kò sí ibi tí ó pẹ́. N óò bá ọ lọ."

Ohun tí ó sọ nìyẹn. Ó ní òun yóò bá mi lọ. Mo gbà á gbọ́, n kò sì tíì rí ìdí tí kò fi yẹ kí n gbà á gbọ́.

Òfin ọba ni pé ẹni tí ó bá fo ìkẹrin gbọ́dọ̀ fo ìkarùn-ún kí ọjọ́ méje tó pé, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rin tí ó ti fò di asán. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè san ní ọjọ́ méje. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Fátúyì tẹ́ aṣọ sí iwájú ààfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ká a. Ó ń fi eyín di etí aṣọ mú. Òógùn ń kán sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ká a dé ìdajì, afẹ́fẹ́ tú u. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi jókòó sí ìdí igi kan, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lórí itan.

Àwọn ará Awòkè ti dé láti wòran. Ọ̀kan nínú wọn bi èkejì léèrè ẹni tí mo jẹ́.

"Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni."

"Ọkọ àbúrò rẹ̀? Ó sì jókòó bẹ́ẹ̀?"

"Bóyá kò ní ọwọ́."

"Mo rí ọwọ́ lára rẹ̀."

"Ó ní ọwọ́, kò ní ilé."

Mo dìde. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá lè jókòó kí ó sọ̀rọ̀. Mo lọ bá Fátúyì, mo na ọwọ́ gba aṣọ.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "O gbọ́ ohun tí ìyá aránṣọ náà wí."

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Àna mi, ẹ má dójú tì mí. Ẹ kò gbé igbá omi lójú mi rí. Ẹ̀yin ń fi eyín ṣiṣẹ́, èmi ń wò yín. Kí ni n óò sọ nílé?"

"Ọdẹ́rìndé, dìde."

"N kò ní dìde."

Ó dúró pẹ́. Ẹni tí ó bá kọ iṣẹ́ ọkọ àbúrò rẹ̀ lójú ayé ti sọ pé kò fún un ní ìyàwó dáadáa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀.

Mo ká a. Mo ká a bí a ti ń ká aṣọ tí a fẹ́ gbé lọ kí àna. Mo nà á kí ó má ní ìwúnjọ. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí igun rẹ̀ lè gún. Mo to àwọn okùn náà ní méjì méjì. Nígbà tí ó parí, mo rò ó pé ẹyẹ ọba, tí ó ń gbé àwọn tí ń fò dé ojú ọ̀run, ni yóò gbé ẹrù yìí gòkè, afẹ́fẹ́ sì wà lọ́nà. Mo fi kókó ẹrù ọdẹ dì í, kókó tí a fi ń di ẹran ìgbẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kí ó má baà tú lọ́nà jíjìn. Mo fi okùn tí ó ń fà gba inú kókó náà. Gbogbo yín ni ẹ mọ kókó yẹn. Bí a bá ti ń fà á ni ó ń le.

Àwọn ará Awòkè yìn mí. Ó dára lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, Fátúyì wá wo aṣọ náà. Ó fi ìka kan kókó náà. Ó wò mí. Mo ti dúró tì í, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí ó ti san gbèsè. Bí ó bá tú u lójú mi kí ó tún un ká, ó ti sọ pé ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́. Ọkùnrin tí ń fo ọ̀run ni, ṣùgbọ́n ilé ni ó ti jáde wá. Kò tú u.

"Ó dára," ó ní. "O ṣeun, Ọdẹ́rìndé."

Ẹyẹ Onígíga gbé e. Àkàlà ni, ó tóbi ju ahéré lọ. Ó gbé e kọjá ìkùukùu, a kò rí wọn mọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, mo rí àmì dúdú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kà á fún un ní ọjọ́ ọ̀pẹ. Mo kà dé ọgọ́rùn-ún. Mo kà dé igba. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tí ó ń fa okùn. Ẹrù kan jáde ní ẹ̀yìn rẹ̀, onígun mẹ́rin, ó mọ́, ó gún. Kò là. Ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé ó fi ara sí i. Òjìji rẹ̀ ń sáré bọ̀ lórí pápá.

N kò parí kíkà náà.

Àwọn ará Awòkè hó yè. Ariwo náà kò dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Onígíga jókòó lórí ilẹ̀, ó dájọ́. Ó ní ẹni tí ó pẹ́ jù kí ó tó ṣí aṣọ ni ó borí, Fátúyì kò sì ṣí aṣọ rẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó pẹ́ tó o. Agbẹ́kùúta fá Ògúnlùsì, ó sì gbẹ́ Fátúyì sí ipò rẹ̀. Mo sin ín sí etí pápá náà. Ọdẹ kì í fi òkú ẹni rẹ̀ sílẹ̀ láìṣọ́, nítorí náà mo dúró ti ibojì náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ẹyẹ gbé òun ga ju ibi tí ó gbé Fátúyì dé. Kò so aṣọ mọ́ra rárá. Mo gbọ́ irin agbẹ́kùúta lára òkúta náà kí n tó dé ẹnu ibodè.

Aṣọ náà ni mo gbé bọ̀ wálé. Dúródọlá ń ṣa ẹ̀wà ní ìta. Ó rí mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó sì tún wo ẹ̀yìn mi. Kò sunkún. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ibo ni ó wà?"

"Mo sin ín."

Ó na ọwọ́, mo gbé aṣọ náà fún un. Ó yí i padà. Ó jẹ́ ìyàwó ọdẹ, ó sì ti tú ẹran tí mo dì láti oko fún ọdún mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ kan kókó náà.

"Ta ni ó ká a?"

Mo lè purọ́. Àwọn iwin pọ̀ nínú igbó tí mo lè dì í rù.

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ó ń fi eyín ká a. Àna mi ni, Dúródọlá. N kò lè jókòó kí n máa wò ó."

Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà náà, kò lé e.

"Mo ní kí ẹ mú un bọ̀ wá fún mi," ó ní. "N kò rán yín kí ẹ lọ bọ̀wọ̀ fún un."

Ó wọlé. Ó kó aṣọ rẹ̀ jọ sínú apẹ̀rẹ̀ láìká wọn. Mo na ọwọ́ láti bá a gbé e, ó gbé e kọjá ọwọ́ mi. Ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò lọ, n kò sì tẹ̀ lé e, nítorí pé a kì í lé ìyàwó lójú ọ̀nà. Bí ìyàwó bá kọ ọkọ sílẹ̀, ilé àna ni ọkọ ń lọ. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀, wọn yóò sì pè é padà fún un.

Mo lọ sí ilé àna mi ní ọjọ́ kejì. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí mo lè bẹ̀. Ó di ọdún mọ́kànlélógún báyìí. Dúródọlá kò padà wá.